Bàálù Ń Kọjá Lórí Wa: Àkókò Òfuurufú àti Àkókò Ilẹ̀ ní Ìyàgbà

Bí ẹnikẹ́ni bá fi rúlà fa ìlà tààrà lórí máàpù, láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà lọ dé ti Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, ilẹ̀ Ìyàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni ìlà náà máa gbà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọ́ ni mò ń wí o. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Mọ̀pá gan-an, á fi Ìsánlú sí ọwọ́ òsì díẹ̀, á sì dojú kọ odò Ọya. Gbogbo gígùn ìlà ọ̀hún kò ju nǹkan bí 510 kìlómítà lọ. Láti Ìsánlú, níbi tí mò ń gbé, dé Ìkẹjà jẹ́ nǹkan bí 330 bí ẹyẹ bá ń fò ó. Láti Ìsánlú dé pápákọ̀ Àbújá jẹ́ nǹkan bí 180. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 510 yẹn náà ni yóò fún yín. Abẹ́ ọ̀nà bàálù tó ń ná Èkó sí Àbújá la kọ́lé sí, ìyẹn ọ̀nà òfuurufú tí èrò ń wọ́ jù lọ lábẹ́lé Nàìjíríà.

Àwa tí à ń gbé níbẹ̀ kò nílò máàpù ká tó mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ á mọ́, àwọn tó ń lọ sóko á ti kọjá, àdúgbò á dákẹ́, nígbà náà ni ariwo kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn. Bí àlejò bá gbójú sókè síbi tí ariwo ti ń wá, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Bàálù ti kọjá síwájú. Nǹkan bí 29,000 tàbí 31,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n máa ń fò lókè, ìyẹn sì ju kìlómítà 8 lọ dáadáa. Ariwo wọn a máa lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó balẹ̀ dé etí wa. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú yẹn, bàálù á ti rin nǹkan bíi kìlómítà 6. Àwọn ọmọ àdúgbò mi mọ èyí láìsí pé ẹnì kan kọ́ wọn. Iwájú ariwo ni wọ́n máa ń wò.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ní òfin kan tí mo fẹ́ràn láti máa rò. Ọkọ̀ tó bá dorí kọ ìlà oòrùn, ìpele 27,000, 29,000 tàbí 31,000 ni yóò gbà; èyí tó bá dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, 28,000, 30,000 tàbí 32,000 ni tirẹ̀, kí wọ́n má baà forí sọra wọn. Àwọn tó ń lọ sí Àbújá àti àwọn tó ń darí bọ̀ sí Èkó lè wá pàdé lórí oko iṣu wa, kó má ju ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan tó wà láàárín wọn. Bí ti Àbújá bá sì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, nítorí láti gíga yẹn, sísọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń gbà tó 160 tàbí 170 kìlómítà. Wọ́n á ti máa sọ fún àwọn èrò inú rẹ̀ pé kí wọ́n de bẹ́líìtì wọn. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i, táyà á kan ilẹ̀. Ẹni tó ń kọ ebè nísàlẹ̀, bó bá gbéra lọ sí Àbújá lásìkò kan náà, ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ̀lú, bí Ọlọ́run bá bá a ṣe é.

Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó síta, ó bi mí bóyá àwọn tó wà lókè yẹn ń rí wa. Mo ní bí kò bá sí ìkùukùu, wọ́n á rí àwọn àpáta wa, wọ́n á sì rí títì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n rí títì, wọn ò sì sọ fún ẹni tó yẹ kó tún un ṣe?"

Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ wálé wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti tẹ Èkó àti Ìsánlú sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí fóònù, irú èyí tó máa ń sọ bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra tó àti iye àkókò tí bàálù máa lò láàárín wọn. Ẹ̀rọ náà ní 332 kìlómítà, ìṣẹ́jú 55. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Dádì Ìsánlú, ẹ kú iṣẹ́ o. Pápákọ̀ wo ni kí n sọ̀ sí?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí wọra. Èkó ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń sùn lọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí wọ́n bá dé ilé ni yóò tó jí. Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún ẹ̀dá pé ìṣẹ́jú 55 ló jìnnà sí ìyá rẹ̀ àgbà, kí ló tún yẹ kó bèèrè ju ibi tí yóò ti sọ̀ lọ?

Ìṣirò náà kò ṣòro. Ẹ̀rọ á mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà, á wọn ọ̀nà tó kúrú jù láàárín wọn lórí ilé ayé tó rí róbótó yìí. Á wá mú eré tí bàálù ńlá máa ń sá, 800 kìlómítà ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, á fi pín in. Láti Èkó sí Ìsánlú, ìyẹn á fún un ní ìṣẹ́jú 25. Á fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ó parí nìyẹn. Kò bèèrè bóyá pápákọ̀ wà ní ìlú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè bóyá ọkọ̀ kankan ń ná ibẹ̀.

Níbi tí pápákọ̀ bá wà lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Bí o bá ṣe ìṣirò kan náà fún Èkó sí Àbújá, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló máa bọ́ sí, tíkẹ́ẹ̀tì gan-an sì máa ń sọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìṣẹ́jú tó lé yẹn ní ìtàn tiwọn. Ojú afẹ́fẹ́ ni bàálù máa ń dọjú kọ láti gbéra, láti ìhà òkun sì ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wọ Ìkẹjà. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sí Àbújá tó wà ní àríwá, gúúsù ni yóò kọ́kọ́ dorí kọ. Òǹkà 18 tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ibi tí bàálù ti ń sáré ní Ìkẹjà, ohun tó dúró fún ni 180 lójú kọ́ńpáàsì, gúúsù gbáko. Bí o bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wàá rí omi kí ọkọ̀ tó yí padà. Mo fẹ́ràn ìgbà yíyí yẹn púpọ̀. Gbogbo Èkó á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé wọ́n gbé e sórí àtẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ni mo fẹ́ sọ.

Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kogí, kò sí pápákọ̀ kankan tí ará ìlú ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó sì wọ bàálù. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì tó wà ní Ọbájánà ní pápá tiwọn, ti iléeṣẹ́ sì ni. Mẹ́ta ló kù tí àwa ará Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, máa ń sá tọ̀ ní àyíká: Ìlọrin, Àbújá, Àkúrẹ́. Èkìtì náà ti kọ́ tiwọn sí Adó. Láti Kàbà, bí ẹyẹ bá ń fò, Àkúrẹ́ ló súnmọ́ jù nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 107 kìlómítà. Sí Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 186, sí pápákọ̀ Àbújá jẹ́ 185. Ẹ wo bó ṣe dọ́gba! Ká ní wọ́n fẹ́ fi okùn wọ̀n ọ́n láti mọ ibi tó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá tẹ Kàbà dó sí. Àwọn Okun tó jẹ́ Ìjùmú àti Owé lè gba Ìyámọyè àti Òmùò-Èkìtì lọ sí Àkúrẹ́. Àwa Ìyàgbà ní tiwa, Ìlọrin ni orí wa máa ń kọ́kọ́ sọ, nítorí láti Ìsánlú dé ibẹ̀ kò tó 150 kìlómítà lójú òfuurufú, ọ̀nà ilẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Àbújá ni ìlà tààrà ti ń tan èèyàn jù. 180 kìlómítà lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, ó tó nǹkan bí 300. Odò Ọya ló fà á. Láàárín afárá Jẹ́bà ní Kwara àti afárá Jámátà lẹ́bàá Kótó-Kárífí, kò sí afárá mìíràn tí mọ́tò lè gbà sọdá. Ẹni tó ń ti Ìsánlú lọ sí Àbújá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mọ̀pá, Kàbà, Ọbájánà, dé Lọ́kọ́jà, kó tó wá rí odò sọdá, kó tún máa gòkè padà lọ sí Abájì, Kwálí, Gwagwaládà. Ohun kan tó dùn mọ́ni nínú ìrìn àjò yẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni pápákọ̀ Àbújá wà, o ò ní wọ àárín ìlú rárá kí o tó yà sí i. Bí odò bá sì kún, ó tán. Lọ́dún 2012 ó bo ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́kọ́jà, lọ́dún 2022 ó tún gorí títì ní Kótó-Kárífí, àwọn ọkọ̀ tò sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, epo bẹntiróòlù sì dàwátì ní Àbújá. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn bàálù ń kọjá lórí Mọ̀pá ní àsìkò tiwọn.

Ó ku Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ Ìlọrin ni mo lè sọ tí ilẹ̀ á ṣú.

Láti Èkó dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 245 kìlómítà lójú òfuurufú, kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ìyẹn ti tó ìdajì ìrìn àjò mi pátápátá. Lọ́dún kan tí mo ń ti Èkó bọ̀, òwúrọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì mi sọ pé a ó gbéra. Wọ́n sún un sí aago mọ́kànlá, wọ́n tún sún un sí ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Nígbà tí mo fi máa dé gáráàjì ní Ìlọrin, oòrùn ti ń wọ̀. Síẹ́nà kan péré ló kù lójú ìlà Ẹgbẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ń fi omi fọ ọwọ́. Mo kí i ní "Okun o," ó ju àpò tó gbé dání sílẹ̀, ó ní, "Okun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àbọ̀."

Mo ní kó jọ̀ọ́, Ìsánlú ni mò ń lọ, máa san owó àyè méjì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ká ní aago kan lẹ dé, mi ò bá ti gbé yín. Bí a bá gbéra báyìí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó kọjá Èrúkù. Ẹ wá wò ó." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọwọ́ mi mọ́ táyà iwájú. Èjìká táyà náà ti ya, ìka mi wọ inú rẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, mo sì fọwọ́ kan wáyà tó wà nínú rẹ̀. "Oṣù tó kọjá ni mo ra táyà yìí," ó wí. "Láàárín Òmù-Àrán sí Ẹgbẹ̀ ni ó ti jẹ báyìí. Bó bá bẹ́ lọ́sàn-án, màá pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá bẹ́ lóru ńkọ́?"

Mi ò lè dá a lẹ́jọ́. Ilé ìbátan wa kan ní Tankẹ ni mo sùn. Nínú bàálù, mi ò lò tó wákàtí kan. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé, ọjọ́ kejì ni mo tó wọlé.

Ìbéèrè dírẹ́bà yẹn, "lóru ńkọ́?", kì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà nìkan. Gbogbo ẹni tó ń ná ọ̀nà yẹn ló mọ̀ pé ibi tí kòtò bá ti fi agbára mú mọ́tò láti máa rá pálá ni àwọn ajínigbé máa ń ba sí. Ibi tí ọkọ̀ lè sáré, wọn kì í fẹ́ràn ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn lọ́wọ́, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọgbó lọ. Ọpẹ́ ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé. Èrúkù ni ìlú tí a máa kọjá kí a tó bọ́ sí Ẹgbẹ̀, ẹnubodè Kwara àti Kogí gan-an. Láti ìgbà náà, kódà ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ á dákẹ́ bí a bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀. Àwọn obìnrin á máa gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Rédíò gan-an, dírẹ́bà á pa á.

Kí ló ba ọ̀nà yẹn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jókòó sẹ́bàá títì ní Ìsánlú fún wákàtí kan, ẹ ó rí i. Tirélà símẹ́ńtì tó ń ti Ọbájánà bọ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó 600 àpò, àwọn mìíràn kó 900. Àpò kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà 600 àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, a ò tíì ka irin tirélà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ tín-ín-rín sílẹ̀ nígbà tí Pẹ́jò àti bọ́ọ̀sì ló ń gba ibẹ̀, kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ sì wo ti Kàbà sí Ọbájánà: kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí 43 kìlómítà, àwọn tirélà kan náà ló ń gba orí rẹ̀, ó sì ń dán. Ẹni tó bá ti gba orí kọnkéré yẹn dé Kàbà, tó wá kọrí sí Mọ̀pá, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un ibi tí kọnkéré parí sí kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ìyẹn ló mú mi gbà pé ohun tí a nílò kò kọjá agbára ẹ̀dá. Wọ́n ti ṣe é tán ní apá kan ọ̀nà kan náà.

Mo tún rò pé ẹnubodè dá kún un. Láti ọdún 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara sílẹ̀, Ìlọrin ni olú ìlú wa. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀nà Ìlọrin sì ni ọ̀nà àjò nílé wa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá Kogí sílẹ̀, Lọ́kọ́jà di olú ìlú, ojú wa sì yí sí òdìkejì. Ọ̀nà tó ti so ìlú kan ṣoṣo mọ́ olú ìlú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀nà tó so ẹ̀yìn ìpínlẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn ìpínlẹ̀ mìíràn. Gómìnà tó wà ní Ìlọrin kì í ronú kọjá Èrúkù, èyí tó wà ní Lọ́kọ́jà kì í ronú kọjá Ẹgbẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ sì ni ọ̀nà náà lórí ìwé, nítorí náà àwọn méjèèjì ní ẹni tí wọ́n máa nàka sí.

Ní ìlú Ẹgbẹ̀ yẹn kan náà, ilé ìwòsàn ìjọ ECWA wà níbẹ̀, tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ láyé ìjọ́un, tí àwọn èèyàn ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọwọ́ àwọn dókítà ibẹ̀. Mo ti rí aláìsàn tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń sáré gbé e lọ síbẹ̀, tí ẹni tó dì í mú ń bẹ dírẹ́bà pé kó rọra ní kòtò yìí, kó sì tún sáré ní ibi tó tẹ́jú díẹ̀. Rọra, sáré, rọra, sáré. Bàálù kan kọjá lókè bí wọ́n ṣe ń lọ.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé kí ìjọba kọ́ pápákọ̀ sí Kogí, kí nǹkan lè rọrùn. Mi ò bá wọn jà. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, màá yọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí léèrè èyí tí màá kọ́kọ́ fẹ́, màá ní kí wọ́n tún ọ̀nà láti Òmù-Àrán dé Kàbà ṣe, kí ẹ̀ṣọ́ sì wà lójú rẹ̀. Pápákọ̀ Lọ́kọ́jà, bó bá wà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ará Ẹgbẹ̀ ju ti Ìlọrin tó ti wà nílẹ̀ lọ. Yóò ṣì gba ọ̀nà dé ibẹ̀ náà ni. Bí ọ̀nà bá dán, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ti pọ̀ jù láti Ìlọrin dé Ìsánlú, bàálù òwúrọ̀ láti Èkó á sì mú kí èèyàn jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Pápákọ̀ mẹ́ta ló yí wa ká, kò sì sí èyí tí a lè dé ní ìrọ̀rùn.

Ẹni tó bá sọ pé ìjọba kò mọ̀ pé ọ̀nà ilẹ̀ jẹ́ ara ìrìn àjò òfuurufú, kó rántí ọdún 2017. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ojú kan ṣoṣo tí bàálù ti ń sáré níbẹ̀ ti bàjẹ́. Kàdúná ni wọ́n darí àwọn bàálù sí. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná ṣe, wọ́n pèsè bọ́ọ̀sì fún àwọn èrò, wọ́n sì kó ọlọ́pàá àti sójà dà sójú ọ̀nà láti máa ṣọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ojú pápá tuntun ti wà ní Àbújá, bàálù sì padà síbẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn nígbà náà, mo sì tún gbóríyìn fún wọn báyìí. Wọ́n rí i pé bàálù tó balẹ̀ sí ibi tó jìnnà tó 200 kìlómítà sí ilé èèyàn kò tíì gbé e délé. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Àbújá lọ́sẹ̀ mẹ́fà ni mò ń tọrọ fún wa, àwa tí ọ̀ràn náà ti bá gbé láti ọdún dé ọdún. Ìlọrin sí Ìsánlú kò tilẹ̀ jìnnà tó Kàdúná sí Àbújá.

Mo kọ èsì sí ọmọ náà. Mo sọ fún un pé ìṣẹ́jú 55 tó rí yẹn, bàálù kan ò sí tó ń ṣe é, kó jẹ́ kí a ro ó bó ṣe wà. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ìlọrin láàárọ̀, kó má ṣe ra ti ọ̀sán, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọn bí wọ́n bá sún un síwájú, nítorí oṣù Kérésì ni ọyẹ́ máa ń mú, bí èrùpẹ̀ ọyẹ́ bá sì bo pápákọ̀, kò sí awakọ̀ òfuurufú tó máa balẹ̀ síbi tí kò rí. Mo ti bá dírẹ́bà kan tí mo mọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí táyà rẹ̀ dára, yóò dúró dè é lẹ́nu géètì. Bó bá di aago méjìlá ọ̀sán tí bàálù rẹ̀ kò tíì balẹ̀, kó má kọrí sí Ẹgbẹ̀ rárá. Kó lọ sùn ní Tankẹ, kí wọ́n gbéra ní kùtù hàì. Kó má fi àpò pamọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kó gbé e sórí ẹsẹ̀. Kó pe mí nígbà tó bá kúrò ní Òmù-Àrán, kó tún pè mí bó bá ti rí ẹnubodè Ẹgbẹ̀.

Ó kà á, ó dúpẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Dádì. Ọ̀gá mi fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ìrìn àjò yẹn máa gbà kó lè buwọ́ lu ìwé ìsinmi mi. Kí ni kí n kọ?"

Mo ní kó kọ ọjọ́ méjì fún àlọ, ọjọ́ méjì fún àbọ̀.